Ìwé Babangida: èwo la máa gbà gbọ́ nínú ẹ̀, èwo la máa dá padà fún un?

Láti ọjọ́ 20 oṣù kejì ọdún 2025 tí Ibrahim Babangida ti kó ìwé ìtàn ayé ẹ̀ síta ní Abuja, ọ̀rọ̀ náà ò tíì tán nílẹ̀. Ẹ jókòó ti ẹnikẹ́ni tó dìbò lọ́dún 1993 kẹ́ ẹ dárúkọ ìwé náà, ẹ máa rí bí ojú ẹ̀ ṣe máa yí padà. Àwọn kan ní baba náà gbìyànjú, pé ológun mélòó nílẹ̀ yìí ló tíì fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìbò tí ìjọba òun wọ́gi lé, ẹnì kan ló wọlé nínú ẹ̀ lóòótọ́. Àwọn kan ní ìgbìyànjú wo nìyẹn, ẹni tó jí ewúrẹ́ oníewúrẹ́ jẹ, tó wá padà dé lẹ́yìn ọdún 32 tó ní "ewúrẹ́ ìjọ́sí yẹn, tiyín ni o", ṣé ká wá dìde kí i kú iṣẹ́ ni?

Tèmi ni pé àtàwọn tó ń yìn ín àtàwọn tó ń bú u, bákan náà ni wọ́n ń ka ìwé yẹn, bí ẹni pé odidi ni, kéèyàn gbé e mì tàbí kó tu ú dànù. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìwé méjì ló wà nínú ìwé kan yẹn. Ọ̀kan ni ibi tí Babangida ti jẹ́rìí lòdì sí ara ẹ̀. Èkejì ni ibi tó ti ń jẹ́rìí lòdì sáwọn òkú. Kò yẹ ká fi òṣùwọ̀n kan náà wọn méjèèjì.

Kí n kọ́kọ́ sọ fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ọmọ ọwọ́ nígbà náà tàbí tẹ́ ẹ ò tíì délé ayé rárá. Babangida, ọmọ Minna, tí wọ́n bí lọ́jọ́ 17 oṣù kẹjọ 1941, ló gba ìjọba lọ́wọ́ Buhari lọ́jọ́ 27 oṣù kẹjọ 1985, ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 1993 ló sì kúrò, ẹ ṣírò ẹ̀, ọdún 8 ó dín ọjọ́ kan. Òun nìkan nínú àwọn ológun tó ṣèjọba lé wa lórí ló pe ara ẹ̀ ní ààrẹ. Ìgbà ẹ̀ ni SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé yẹn, dé, lọ́dún 1986, ìgbà ẹ̀ ni wọ́n dá ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀, ìgbà ẹ̀ ni wọ́n parí bíríìjì Third Mainland tí wọ́n sì kó olú ìlú kúrò l'Ékòó lọ sí Abuja lọ́dún 1991. Maradona làwọn èèyàn ń pè é torí bó ṣe máa ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ gbogbo èèyàn, wàá rò pé ọ̀dọ̀ ẹ ló ń bọ̀, ó ti gba ẹ̀yìn ẹ lọ. Ọjọ́ tó ní òun máa gbéjọba fún alágbádá gan-an, ṣe ló ń sún un, ó ní 1990, ó di 1992, ó di oṣù kìíní 1993, ó tún di oṣù kẹjọ. Ẹgbẹ́ òṣèlú méjì péré ló gbà kó wà, SDP àti NRC, ìjọba fúnra ẹ̀ ló dá wọn sílẹ̀, ìjọba náà ló kọ ètò tí wọ́n máa tẹ̀ lé fún wọn, bí ìgbà téèyàn bá bímọ méjì tó tún yan iṣẹ́ tí kálukú máa ṣe kí wọ́n tó rìn.

Ọjọ́ 12 oṣù kẹfà 1993 wá dé. MKO Abíọ́lá ló díje fún SDP, Bashir Tofa fún NRC. Ọjọ́ méjì sí ìbò, lóru, adájọ́ Bassey Ikpeme ní ilé ẹjọ́ gíga Abuja ti ní kí wọ́n má dìbò mọ́, torí ẹjọ́ tí ABN, ẹgbẹ́ Arthur Nzeribe, gbé wá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Humphrey Nwosu tó jẹ́ alága àjọ ìdìbò ní òfin tó gbé ìbò náà kalẹ̀ ò fún kóòtù lágbára láti dá a dúró, wọ́n sì dìbò, wọ́ọ́rọ́wọ́. Èsì ìpínlẹ̀ 14 ti jáde, Abíọ́lá ló wà níwájú ní 11, kí wọ́n tó ní kí Nwosu gbẹ́nu dákẹ́. Abíọ́lá na Tofa ní Kano pàápàá, nílé bàbá ẹ̀. Lọ́jọ́ 23 oṣù kan náà ni wọ́n ka ìwé pélébé kan tí kò ní fọwọ́sí pé wọ́n ti fagi lé gbogbo ẹ̀.

Ibi tí ìwé Babangida ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná nìyẹn.

Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé Abíọ́lá ló wọlé. Kò fi sábẹ́ ahọ́n. Ó tún to nọ́ńbà sílẹ̀: ìbò 8,128,720 fún Abíọ́lá, 5,848,247 fún Tofa, pé Abíọ́lá sì ní ìdá kan nínú mẹ́ta ìbò tí òfin ń fẹ́ ní ìpínlẹ̀ 28, tó fi mọ́ Abuja. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti há nọ́ńbà June 12 sórí láti ọjọ́ yìí máa rí i pé kò bá èyí tá a mọ̀ mu délẹ̀délẹ̀, torí 8,341,309 àti 5,952,087 la sábà máa ń gbọ́. Ìyàtọ̀ yẹn kì í ṣe ìjà. Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá mú nínú méjèèjì, ohun tí Abíọ́lá fi ju Tofa lọ lé ní mílíọ̀nù méjì. Ohun tó ṣe pàtàkì ni ọwọ́ tó kọ ọ́. Ọdún gbọọrọ la fi ń gbọ́ pé ìbò náà ní wàhálà nínú, pé ẹjọ́ wà ní kóòtù, pé owó wọ̀ ọ́, pé báyìí pé tọ̀hún. Ẹni tó ni àríyànjiyàn yẹn ti wá fúnra ẹ̀ pa á tì. Kò lè mú un padà mọ́, ọmọ tàbí ọmọọmọ ẹ̀ ò sì lè jí lọ́la kó ní "bàbá wa ò sọ bẹ́ẹ̀".

Apá àkọ́kọ́ nìyẹn, èmi gbà á. Mo gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀. Kì í ṣe pé mo gbà á torí Babangida jẹ́ olóòótọ́ o, mo gbà á torí pé kò sí èrè kankan fún un nínú ẹ̀. Téèyàn bá sọ ohun tó máa ba orúkọ ara ẹ̀ jẹ́, kò sídìí láti máa wá ibòmíì tí irọ́ wà.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣí ojú ewé kejì. Ta ló wọ́gi lé ìbò náà? Babangida ní òun kọ́. Ó ní òun wà ní Katsina lọ́jọ́ 23 yẹn, òun lọ bá ẹbí Yar'Adua kẹ́dùn lórí bàbá wọn tó kú, ibẹ̀ lòun wà tí Nduka Irabor, akọ̀wé ìròyìn igbákejì òun, Aikhomu, fi ka ìwé náà l'Abuja láìjẹ́ pé òun ní kó kà á. Ó ní Sani Abacha ló wà nídìí ẹ̀, òun àtàwọn tí wọ́n jọ ń dìtẹ̀ nínú ilé, pé wọ́n yí òun po ni. Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀, ó wá ní torí pé abẹ́ òun ló ti ṣẹlẹ̀, òun gbà pé ọrùn òun ló wà.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká ka ọjọ́. Ọjọ́ 23 oṣù kẹfà ni wọ́n ka ìwé pélébé. Lọ́jọ́ 26, ọjọ́ mẹ́ta péré lẹ́yìn ẹ̀, Babangida fúnra ẹ̀ jókòó síwájú tẹlifíṣàn, ó ka ìdí tí wọ́n fi wọ́gi lé ìbò náà fún gbogbo Nàìjíríà, ó sọ̀rọ̀ owó tí wọ́n ná, ó sọ̀rọ̀ kóòtù, ó ní àwọn tó díje ní òwò pẹ̀lú ìjọba tí kò ní jẹ́ kí wọ́n lè ṣe é bó ṣe yẹ. Ẹni tí wọ́n bá jà lólè kì í jáde lọ́jọ́ kẹta wá ṣàlàyé fún àdúgbò pé ìdí tó fi dáa kí wọ́n jà òun lólè rèé. Àbí ẹ ti rí i rí? Tí nǹkan yìí bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ẹ lóòótọ́, ìwọ ni ọ̀gá pátápátá fún gbogbo sójà, kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò fi níṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀? Kódà nígbà tó ń lọ lóṣù kẹjọ, àwọn ọ̀gá ológun tó kù ló ní kí wọ́n máa lọ sílé, Abacha ló fi sílẹ̀ nínú ìjọba fìdí-hẹ́ ti Ernest Ṣónẹ́kàn, ó sì fi í sídìí ọ̀rọ̀ ààbò. Ẹni tó o ní ó yí ẹ po! Lọ́jọ́ 10 oṣù kọkànlá, adájọ́ Dọlápọ̀ Akinsanya l'Ékòó ní ìjọba Ṣónẹ́kàn yẹn ò bófin mu, nígbà tó fi máa di ọjọ́ 17, Abacha ti gbà á.

Kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan náà ni ìtàn yìí ti yí padà. Tẹ́ ẹ bá tò ó pọ̀, ẹnu mẹ́ta ló ti fi sọ ọ́. Lọ́dún 1993, ó ní ìbò náà ló ní àbùkù. Lóṣù kẹjọ 2021, nígbà tí tẹlifíṣàn Arise fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, kò sọ àbùkù ìbò mọ́, ó ní ká ní wọ́n gbéjọba náà sílẹ̀ ni, àwọn sójà ì bá fipá gbà á, ẹ̀jẹ̀ ì bá sì ṣàn. Ẹ fetí sí èyí dáadáa, torí ẹni tó ń ṣàlàyé ìdí tóun fi ṣe nǹkan ti gbà pé òun lòun ṣe é. Ó wá di 2025, ó ní wọ́n ṣe é lẹ́yìn òun ni. Èèyàn lè gbàgbé ọjọ́, èèyàn lè gbàgbé orúkọ, ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, àgbà ti dé, a gbà. Ṣùgbọ́n bóyá èmi ni mo ṣe é tàbí wọ́n ṣe é lẹ́yìn mi, ìyẹn kì í ṣe ohun téèyàn ń gbàgbé.

Abíọ́lá tó ń pòwe bí ẹni ń jẹ iyán ní ọ̀kan tó máa ń lò dáadáa, pé a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Ó bani nínú jẹ́ pé òwe ẹ̀ la máa fi gbèjà Abacha lónìí, Abacha tó tì í mọ́lé! Àmọ́ òwe ò mọ ọ̀rẹ́, kò mọ ọ̀tá. Abacha kú lọ́jọ́ 8 oṣù kẹfà 1998. Aikhomu tí wọ́n ní akọ̀wé ẹ̀ ló ka ìwé pélébé yẹn kú lọ́dún 2011, Ọ̀jọ̀gbọ́n Omo Omoruyi tó sún mọ́ Babangida dáadáa nígbà náà tó sì kọ ìwé tiẹ̀ lórí June 12 lọ́dún 1999 kú lọ́dún 2013, Tofa àti Ṣónẹ́kàn kú nínú oṣù kan náà, oṣù kìíní 2022, Nzeribe tẹ̀ lé wọn nínú ọdún yẹn náà, Humphrey Nwosu wá kú lóṣù kẹwàá 2024, oṣù mẹ́rin péré kí ìwé yìí tó jáde. Ó ku ẹni mélòó tó lè na ọwọ́ sókè kó ní "ọ̀gá, kò rí bẹ́ẹ̀"? Mi ò sọ pé Babangida dúró kí gbogbo wọn kú tán o. Mo kàn ń ka òkú ni.

Ẹbí Abacha fèsì. Wọ́n ní bàbá àwọn kọ́ ni olórí ìjọba lọ́jọ́ náà, kì í ṣe igbákejì olórí ìjọba, Babangida ló ni àṣẹ, kó gbé ẹrù ẹ̀. Èèyàn ò gbọ́dọ̀ fẹ́ràn Abacha kó tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn wọlé. Ohun tí Abacha ṣe fún ilẹ̀ yìí, a mọ̀ ọ́n: Abíọ́lá kéde ara ẹ̀ ní ààrẹ ní Epetedo l'Ékòó lọ́jọ́ 11 oṣù kẹfà 1994, kò ju ọjọ́ 12 lọ tí wọ́n fi gbé e, kò sì jáde láàyè, ọjọ́ 7 oṣù keje 1998 ló kú sátìmọ́lé tí Abacha tì í mọ́, nígbà tí Abacha fúnra ẹ̀ ti kú, wọ́n ti yìnbọn pa ìyàwó ẹ̀, Kúdírátù, l'Ékòó lọ́jọ́ 4 oṣù kẹfà 1996. Gbogbo ìyẹn, ti Abacha ni. Ṣé nítorí pé ẹrù ti pọ̀ lórí ẹnì kan la ṣe máa wá gbé tẹlòmíì kún un?

Òfin ẹ̀rí tí àwọn lọ́yà ń lò nílẹ̀ wa gan-an mọ nǹkan yìí. Tí wọ́n bá mú èèyàn méjì lórí ẹ̀sùn kan, tí ọ̀kan jókòó nílé ọlọ́pàá tó jẹ́wọ́, ìjẹ́wọ́ ẹ̀ lè mú òun fúnra ẹ̀. Kò lè mú ẹnì kejì, àfi tí wọ́n bá sọ ọ́ lójú ìyẹn, tóun náà sì gbà, lọ́rọ̀ tàbí níṣe, pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Báyẹn gan-an ni ká ṣe ka orí June 12 nínú ìwé yìí. Pé Abíọ́lá wọlé, ìyẹn mú Babangida. Pé Abacha ló ṣe é lẹ́yìn òun, ìyẹn ò tíì mú ẹnikẹ́ni, torí Abacha ò sí níbẹ̀ láti gbà tàbí láti kọ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ ńkọ́? Lọ́jọ́ ìfilọ́lẹ̀, ó dìde, ó ní ohun tó ṣẹlẹ̀ yẹn jẹ́ jàǹbá tó bá ìtàn ilẹ̀ yìí, ó sì ní àwọn ọmọ Nàìjíríà lẹ́tọ̀ọ́ láti máa retí kóun sọ pé ó dun òun. Jàǹbá kẹ̀! Ọkọ̀ ló ń ní jàǹbá. Ìbò tí wọ́n dì tán, tí wọ́n kà, tí wọ́n ń kéde lọ́wọ́, tí wọ́n wá kọ ìwé pé àwọn ti fagi lé e, ta ló sùn lọ nídìí ọkọ̀ níbẹ̀? Ẹ tún wo ìkejì yẹn. Ó ní ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti retí ẹ̀. Tọ́mọ bá fọ́ abọ́ nílé tó wá ní "màmá, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti retí kí n bẹ̀ yín", ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tí màmá ẹ̀ máa ṣe. Yorùbá ní ẹni tó bá mọ ẹjọ́ ẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Babangida ò tiẹ̀ kúnlẹ̀ tán, orúnkún kan ló fi kanlẹ̀, ó ti ń wo ibi tó máa gbà dìde.

Èyí tó wá dùn mí jù ni ohun tó tẹ̀ lé e nínú gbọ̀ngàn yẹn. Òtẹ́ẹ̀lì Transcorp Hilton ni wọ́n ti ṣe é. Tinúbú wà níbẹ̀, Tinúbú tó jẹ́ sẹ́nétọ̀ SDP lọ́dún 1993, tó bá àwọn NADECO, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ìjọba àwaarawa, sá kúrò nílùú nígbà Abacha. Ọbásanjọ́ wà níbẹ̀, Gowon wà níbẹ̀, Jonathan wà níbẹ̀, Akufo-Addo wá láti Gánà, Ọ̀ṣínbàjò ló ṣàyẹ̀wò ìwé náà fún wọn. Lẹ́yìn tí gbogbo ẹ̀ parí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó fún ilé ìkàwé tí wọ́n fẹ́ fi orúkọ Babangida kọ́, Dangote dá, Danjuma dá, Rabiu tó ni BUA dá, owó náà lé ní bílíọ̀nù 17 náírà kílẹ̀ tó ṣú. Nílé ìgbìmọ̀ wo ni wọ́n ti ń ṣe báyẹn, kí ẹlẹ́jọ́ jẹ́wọ́ tán kí wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í ná an lówó? Mi ò ní ká má kọ́ ilé ìkàwé. Kí wọ́n kọ́ ọ. Kí wọ́n wá kó gbogbo ìwé ìjọba 1993 síbẹ̀, gbogbo àkọsílẹ̀ ìpàdé, ìwé pélébé ọjọ́ 23 yẹn náà, kí ọmọ tó bá fẹ́ wò ó wò ó. Ìgbà yẹn la máa mọ̀ bóyá ilé ìkàwé ni tàbí ilé ìyìn.

Kì í ṣe June 12 nìkan ló wà nínú ìwé náà o, bó tiẹ̀ jẹ́ pé àwa níbí, ibẹ̀ la máa ń kọ́kọ́ ṣí. Ọ̀rọ̀ Mamman Vatsa wà níbẹ̀, èyí tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá kà á lálẹ́, oorun lè má kùn yín. Vatsa àti Babangida jọ lọ sílé ìwé ní Bida, wọ́n jọ wọ iṣẹ́ sójà, Vatsa ni ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó lọ́jọ́ tí Babangida gbé Maryam níyàwó. Akéwì ni Vatsa. Lóṣù kejìlá 1985 ni wọ́n ní ó fẹ́ fipá gbàjọba, Achebe, Ṣóyínká àti J.P. Clark, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ lọ bẹ Babangida pé kó má pa á, ọjọ́ 5 oṣù kẹta 1986 ni wọ́n yìnbọn pa òun àtàwọn ológun mìíràn. Babangida sọ nínú ìwé náà pé ẹ̀rí wà, pé òun ní láti yàn láàárín ọ̀rẹ́ òun àti orílẹ̀-èdè. Bẹ́ẹ̀ Domkat Bali, ọ̀gá ológun tó kéde ikú wọn fún ayé gbọ́, ti jáde sọ lọ́dún mélòó kan lẹ́yìn náà pé títí dìgbà náà, kò dá òun lójú pé ó yẹ kí wọ́n pa Vatsa, torí ẹ̀rí tí wọ́n kó wá kò lágbára. Bali ti kú, ọdún 2020. Àmọ́ òun sọ tiẹ̀ nígbà tí Babangida wà láàyè tó lè dá a lóhùn. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ nìyẹn, ẹni tó sọ̀rọ̀ lójú ẹni tọ́rọ̀ kàn àtẹni tó dúró dìgbà tó kú.

Ìwé náà ò tíì pé ọdún kan tí ìjọba Tinúbú fi dárí ji Vatsa lóṣù kẹwàá 2025, lẹ́yìn ọdún 39 tí wọ́n ti pa á, wọ́n jọ ka orúkọ ẹ̀ pẹ̀lú ti Herbert Macaulay àti Ken Saro-Wiwa. Ìdáríjì kì í ṣe pé èèyàn ò jẹ̀bi, àwọn lọ́yà máa sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, òótọ́ ni. Síbẹ̀, ààrẹ tó jókòó síwájú lọ́jọ́ tí wọ́n ń fi ìwé yẹn lọ́lẹ̀ kan náà ló fọwọ́ sí ìwé tó gbé orúkọ Vatsa kúrò nínú ẹrọ̀fọ̀ tí ìwé Babangida tì í padà sí. Ẹ má bi mí bóyá wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, Abuja ni wọ́n wà, Ọlọ́run ló mọ inú.

Délé Gíwá náà wà ńbẹ̀. Lọ́jọ́ 19 oṣù kẹwàá 1986, wọ́n fi bọ́ǹbù ránṣẹ́ sí i nínú páálí nílé ẹ̀ n'Íkẹjà, ó bú mọ́ ọn lára, ó kú. Ọ̀gá oníròyìn ni, òun àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ló dá Newswatch sílẹ̀. Gani Fawẹ̀hinmi bá ọ̀rọ̀ yẹn jà ní kóòtù títí ẹsẹ̀ ẹ̀ fi rẹ̀, kò rí ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi. Babangida ní òun ò mọ ohunkóhun nípa ẹ̀. Ó lè jẹ́ òótọ́, mi ò rí nǹkan tó máa jẹ́ kí n búra pé irọ́ ni. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tí ìgbìmọ̀ adájọ́ Oputa, tó ń wádìí ìwà ìkà ìgbà ológun, jókòó lẹ́yìn tí ìjọba alágbádá dé, tí wọ́n ní kó wá jókòó síwájú gbogbo ayé kó sọ tẹnu ẹ̀, kò yọjú, kóòtù ló sá lọ bá pé kí wọ́n bá òun dá wọn lẹ́kun. Ibẹ̀ ni wọ́n ti lè bi í léèrè kó dáhùn, kí lọ́yà tún bi í lẹ́ẹ̀kejì, kó làágùn díẹ̀. Inú ìwé, kò sí lọ́yà. Ìwọ lo ń bèèrè, ìwọ náà lò ń dáhùn, ìwọ náà lo tún máa sọ ibi tí orí kan parí sí.

Àwọn tó kù, kí n yára kọjá lórí wọn. SAP, ó gbèjà ẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà la retí. Buhari àti Idiagbon tó jẹ́ igbákejì ẹ̀, ó ní wọ́n le koko jù, pé bí ẹni mímọ́ ni wọ́n ń ṣe sáwọn tó kù. Ó kéré tán Buhari ṣì wà láàyè nígbà tó kọ ìyẹn, oṣù keje 2025 ló tó kú. Lórí ìfipágbàjọba oṣù kìíní 1966, ó ní kò tọ́ kéèyàn máa pè é ní ti Ìgbò, ó ní orúkọ Ìgbò lásán ni Nzeogwu tó ṣáájú wọn ń jẹ́, Kaduna ni wọ́n bí i sí tó sì dàgbà sí. Èyí mú inú àwọn ará Ìlà Oòrùn dùn gan-an, wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́, torí orúkọ yẹn ni wọ́n ti fi ń lù wọ́n láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Àwa Yorùbá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé Adéwálé Adémóyèga wà láàárín wọn, ọ̀rọ̀ ò ṣẹ̀ṣẹ̀ hàn sí wa. Àmọ́ kéèyàn gbọ́ ọ lẹ́nu ológun láti Òkè Ọya tó débi tí Babangida dé, ìyẹn wúlò, kò sì rí èrè kan kan níbẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn èèyàn tiẹ̀, torí náà, apá àkọ́kọ́ lèmi fi sí, pẹ̀lú nọ́ńbà June 12.

Kí wá ni ìwé yìí yí padà? Kò pọ̀ tó bí àwọn kan ṣe ń pariwo. Buhari ti fún Abíọ́lá ní GCFR, oyè tó ga jù nílẹ̀ yìí, láti 2018, ó sì ti sọ ọjọ́ 12 oṣù kẹfà di ọjọ́ ìjọba àwaarawa, ìyẹn ọdún 7 kí Babangida tó gbé kálámù. Lọ́jọ́ 12 oṣù kẹfà 2025, Tinúbú lọ sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ó fún Kúdírátù ní CFR, ó fún Humphrey Nwosu ní CON, tọkùnrin tobìnrin tó ti wà nínú ilẹ̀. Fún Nwosu yẹn, inú mi dùn ó sì bà jẹ́ papọ̀, torí láti 1993 títí tó fi kú làwọn kan ń bi í pé kí ló dé tí kò fi ìgboyà kéde èsì tó kù, ọ̀pọ̀ ọdún ló fi dákẹ́, 2008 ló tó jáde pẹ̀lú ìwé tiẹ̀ tó kó gbogbo èsì náà sí, àwọn èèyàn sì pariwo lé e lórí nígbà yẹn náà pé ó pẹ́ jù. Ó pẹ́ lóòótọ́. Ó ṣì fi ọdún 17 ṣáájú ọ̀gá ẹ̀.

Àjọ ìdìbò, tó ti pààrọ̀ orúkọ láti NEC dórí INEC báyìí, kò tíì kéde èsì ìbò ọjọ́ 12 oṣù kẹfà 1993 títí di òní. Ẹni tó ka ìbò náà ti kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀, ẹni tí wọ́n wọ́gi lé e lábẹ́ àṣẹ ẹ̀ ti kọ ọ́ sínú tiẹ̀, ààrẹ méjì ti fi oyè dá àwọn tó kú sí i lọ́lá. Ìpínlẹ̀ 14 ni wọ́n bá a dé lọ́jọ́ yẹn. Ó ku 16 àti Abuja.